Kẹ́tùlù Màmá Dùnsìn

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Olúwadùnsìn nígbà tó kọ́kọ́ gun orí ìtàgé ńlá. Àwọn tó ni tíátà náà tẹ ìwé pélébé kan, wọ́n kọ nípa rẹ̀ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Wọ́n ní ọmọ náà ti rí ohùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò sọnù rí. Láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì ni mo ti mọ̀ ọ́n, tó bá ké ní Stretford, ní Manchester níbí, àwọn ará ilé kejì á máa lu ògiri. Nítorí ìwé yẹn ni mo fi ní kí n kọ tèmi. Ohun tí mo rí ni màá sọ.

Wigan ni wọ́n bí i sí. Olúfúnmi ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Bàbá rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní London nígbà tí ọmọ pé ọdún méjì, kò sì padà. Olúfúnmi kó ọmọ wá sí Stretford, ó ń ṣe iṣẹ́ carer. Ó ń wẹ arúgbó, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Shift àárọ̀, shift ọ̀sán, nígbà mìíràn méjèèjì. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ló máa ń wọ aṣọ tó wù ú. Yóò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Harpurhey, yóò jókòó sí ìlà kejì, gèlè rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Àwọn kan ní ó ń gbéra ga. Kò gbéra ga. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú òun ni.

Lọ́dún tó ṣíwájú èyí, onílé wọn ní òun fẹ́ ta ilé òun. Ó fún wọn níwèé pé kí wọ́n kó jáde. Ọjọ́ pé, wọn ò rí ilé mìíràn. Èmi ni mo fi mọ́tò mi kó ẹrù wọn: àpò mẹ́fà, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, kẹ́tùlù kan. Ọwọ́ kẹ́tùlù náà ti là. Mo mú téèpù dúdú nínú mọ́tò, mo wé e yí i ká. Káńsù, tó ń wá ibùgbé fún ẹni tí kò nílé, fi wọ́n sí yàrá kan nínú hotel lẹ́bàá títì. Bẹ́ẹ̀dì méjì, fèrèsé tí kì í ṣí, kò sí ibi ìdáná. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni.

Kí a tó sọ̀kalẹ̀, Olúfúnmi di apá mi mú.

"Daddy Akínbọ́lá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màá ní a ti kó lọ sí flat tuntun. Kí wọ́n tó máa béèrè, a ti ríbi."

Mo ní wọn ò ní gbọ́ lẹ́nu mi. Wọn ò sì gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di oṣù mẹ́rìnlá. Kẹ́tùlù yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ń da omi rẹ̀ sórí noodles. Wọ́n ń da á lé ìrẹsì nínú fláàsì, wọ́n á dé e títí yóò fi rọ̀. Ẹyin ńkọ́? Inú rẹ̀ ni wọ́n ń se é sí. Tí èèyàn bá ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, iná rẹ̀ kò ní kú fúnra rẹ̀, á máa hó lọ. Dùnsìn ló kọ́ mi ní ìyẹn.

Èmi ni mo ń tọ́jú hall ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Tíátà ńlá kan láàárín ìlú háyà hall náà fún ọjọ́ Túsìdeè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí nǹkan ò rọrùn fún, kí wọ́n kọ́ wọn ní eré, kí wọ́n wá gbé wọn sórí ìtàgé tí àwọn òṣèré gidi ń gùn. Juliana ni orúkọ obìnrin tó ń darí wọn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń mú bisikí wá, ó ń bá mi to àga. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní gbogbo àwọn ọmọ náà wà lórí journey. Mo wò wọ́n, wọ́n jókòó.

Èmi náà ni mo pe Dùnsìn síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, ọmọ á dá wà nínú yàrá yẹn. Mo ní kó wá jókòó sí hall, heater wa ń ṣiṣẹ́. Nítorí ooru ló ṣe wá. Kì í ṣe nítorí eré.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dìde. Ó mú àga kan, ó fi ṣe ìjókòó awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó mú àwo pẹlẹbẹ kan, ó fi ṣe sítíárìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá èrò jà.

"Love, library card nìyẹn! Ṣé o fẹ́ borrow bọ́ọ̀sì ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún! Sir, ajá yẹn ti sanwó, ìwọ lo ò tíì san!"

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ethan. Kì í sọ̀rọ̀, kì í rẹ́rìn-ín, fìlà ara jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í kúrò lórí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga. Èmi náà jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ti ń gun bọ́ọ̀sì láti kékeré, ó ń wo gbogbo wọn.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Pásítọ̀ Kọ́lápọ̀ ní ta ló ní ẹ̀rí. Èmi tí kì í dìde, mo dìde. Mo ní Dùnsìn wa ń lọ sórí ìtàgé tí àwọn èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọlé. Ilé dàrú. Pásítọ̀ gba makirofóònù lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀yin ará, ta ló máa ṣẹ́kù sílé?"

"Kò sí!"

"Mo ní ta ló máa ṣẹ́kù?"

"Kò sí o!"

"Coach ni a máa gbé! Ìyá ọmọ, ẹ dìde ká rí yín!"

Olúfúnmi dìde. Ó pẹ́ tí mo ti rí eyín obìnrin yẹn gbẹ̀yìn. Mo jókòó, inú mi dùn sí ara mi.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Juliana yí eré padà. Ó ní awakọ̀ dára, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun fẹ́ òtítọ́ níparí. Kí oníkálukú mú ohun kan wá láti ilé rẹ̀, kó sọ ìtàn ohun náà. Ethan mú bàtà iṣẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà wá. Dùnsìn kò mú nǹkan kan wá. Túsìdeè kejì, kò mú nǹkan kan wá. Túsìdeè tó kẹ́yìn, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ kẹ́tùlù.

Mo rí téèpù mi lára rẹ̀. Mo dá ìgbálẹ̀ dúró.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Manchester. Ó ní yàrá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá ni àwọn ń gbé. Ó ní tí ìyá òun bá fẹ́ sunkún, á wọ ilé ìwẹ̀, á ṣí omi sílẹ̀ kí òun má bàa gbọ́, òun sì ń gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá òun máa ń ròyìn flat tuntun fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́tìnì rẹ̀, búlúù. Ìdáná rẹ̀, ó fẹ̀. Ó ní, "Mo mọ àwọ̀ kọ́tìnì ilé tí a ò ní."

Juliana ń sunkún. Ó ní, "Má yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà níbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n túká, Dùnsìn bá mi gbé àga lérí ara wọn.

"Màmá rẹ ń bọ̀ wá wò ó," mo wí.

"I know, Grandpa."

"Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀."

"Ta ló pè wọ́n?"

Mo gbé àga mẹ́ta kí n tó tún la ẹnu.

"Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni, Dùnsìn. Ó fi pamọ́ ni."

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ ni."

"Tèmi náà ni. Èmi náà ń sùn níbẹ̀, Grandpa. Fourteen months. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí. Juliana ló kọ́kọ́ bi mí."

"Nígbà náà, sọ fún un kó tó débẹ̀."

"Mo ti gbìyànjú. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, á ní kí n jẹ́ kí òun sùn ná, òun ní shift. Ẹ̀yin ẹ sọ fún un. Tiyín ló máa gbọ́."

Mo lọ bá Juliana níbi mọ́tò rẹ̀. Mo ní ìyá ọmọ yìí kò mọ̀. Ó ní ìpinnu Dùnsìn ni, àwọn máa dúró tì í. Mo ní ta ló máa dúró ti ìyá? Ó ní ìbéèrè tó dára gan-an ni mo béèrè. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Mo lọ bá Pásítọ̀. Mo ní ṣé èèyàn ò pọ̀ jù báyìí, bí a bá rán díẹ̀ lọ ńkọ́? Ó gbá mi léjìká. "Daddy! Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o!" Mi ò lè sọ ìdí fún un. Mo ti ṣèlérí.

Ó wá ku Olúfúnmi fúnra rẹ̀. Mo pè é ní Wẹ́sìdeè, ó wà níbi iṣẹ́. Mo pè é ní Fúráìdeè, ó ní òun ń lọ aṣọ. Mo ní nínú coach ni màá ti sọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni eré náà, agogo méjì. Coach gbé wa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Olúfúnmi jókòó tì mí, ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó múra bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Láti Harpurhey dé àárín ìlú kò jìnnà. Mo mọ̀ pé mo ní láti tètè sọ ọ́.

Ó tẹ orí sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Daddy, ẹ ò mọ̀ pé mi ò mu tíì láàárọ̀ yìí. Mo wá kẹ́tùlù tì. Nínú yàrá kan ṣoṣo! Ibo ló lè wọlé sí?"

Mo la ẹnu. Sister Mosúnmọ́lá yọ orí lẹ́yìn wa.

"Màmá òṣèré! Tí a bá ti ibẹ̀ dé, ilé yín la ti ń jẹun lónìí o! Ojú wa fẹ́ rí kọ́tìnì búlúù yẹn!"

"Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀," ni Olúfúnmi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà má fi ọwọ́ ata kàn án."

Mo pa ẹnu dé. Mo tún la á nígbà tí a dé ibi iná pupa. Ó ní, "Daddy, ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú gèlè yìí wé. Inú mi dùn jù ni." Mo tún pa á dé. Coach dúró. A ti débẹ̀.

Àwọn àga inú tíátà náà pupa, wọ́n rọ̀. Ìlà méjì ni a gbà. Bí Dùnsìn ṣe jáde pẹ̀lú sítíárìn rẹ̀, tó ní kí ajá sún sẹ́yìn, àwọn ará wa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe. Ẹni tó bá dúró síwájú, a kì í jẹ́ kó dá sọ̀rọ̀.

"Ride on!"

"Sọ fún wọn, ọmọ wa!"

"Kí wọ́n sún o!"

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá, ó bẹ̀ wá pé kí a dákẹ́. Pásítọ̀ ní, "Sorry, ma." Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà padà tí Pásítọ̀ fi tún kígbe. Àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, àwa ń rẹ́rìn-ín. Dùnsìn dúró nínú ìmọ́lẹ̀ ìtàgé yẹn, ó ga ju bó ṣe ga lọ. Olúfúnmi ń fi ọwọ́ lu orúnkún mi. "Ọmọ mi ni. Daddy, ọmọ mi nìyẹn."

Lẹ́yìn náà, Ethan jáde pẹ̀lú bàtà. Ó sọ tirẹ̀, ó wọlé. Iná dín kù. Dùnsìn tún jáde, ó gbé kẹ́tùlù dání.

"Kẹ́tùlù mi!" ni Olúfúnmi wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Dùnsìn bẹ̀rẹ̀. Ó mẹ́nu ba yàrá. Ẹnì kan lára wa ní, "Jesus is Lord." Wọ́n rò pé ẹ̀rí ni. Nínú ẹ̀rí, tí èèyàn bá ti sọ ìṣòro tán, á sọ bí Ọlọ́run ṣe yọ òun. Wọ́n ń dúró de ibẹ̀. Ó dé orí ilé ìwẹ̀ àti omi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ó dé orí kọ́tìnì. Sister Mosúnmọ́lá dorí kodò.

Olúfúnmi kò wò mí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ mọ̀ pé ó máa sọ ọ́?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Túsìdeè."

Ó mú báàgì rẹ̀. Ó dìde. Àárín ìlà ni a jókòó sí, ó ní láti gba iwájú èèyàn mọ́kànlá kọjá. "Ẹ jọ̀ọ́," ló ń sọ fún oníkálukú wọn. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà." Bàtà rẹ̀ ń ró lórí àtẹ̀gùn.

Dùnsìn rí i. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ní, "Mummy." Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìtàgé sọ̀kalẹ̀, ó sá gba àárín àwọn èèyàn kọjá, kẹ́tùlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wáyà ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn pa dé. Iná ṣì ń tàn sórí ìtàgé níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn òyìnbó dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Pásítọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó wò mí, ó dáwọ́ dúró.

Níta ni mo bá wọn, níbi tí tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ti ń dúró. Ìyá jókòó, ọmọ dúró. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kò pẹ́, Juliana sáré dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó di Dùnsìn mọ́ra. Ó ní eré mìíràn wà ní agogo méje àbọ̀, ṣé ó lè parí rẹ̀ báyẹn náà? Ó wá yíjú sí Olúfúnmi. Ó ní, bí kò bá ni ìyá lára, bóyá ìyá náà á padà wá jókòó síbi tó jókòó sí, kó wá…

Kò parí rẹ̀. Olúfúnmi ti yíjú sí mi.

"Daddy, kí ló wí?"

Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Ó fẹ́ kí n fi Yorùbá sọ ọ́ ni.

"Ó ní ṣé o lè tún dìde jáde lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́."

Olúfúnmi rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn mọ́. Juliana rò pé ó ti gbà, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Dùnsìn," ni ìyá wí. "Ṣé o fẹ́ padà síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Mummy. Ẹ má bínú."

"Mi ò bi ẹ́ nípa ìbínú. Mo ní ṣé o fẹ́?"

Ọmọ náà fi apá aṣọ nu imú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ṣe é dáadáa, Mummy. Ṣé ẹ rí mi nígbà tí mò ń wa bọ́ọ̀sì?"

"Mo rí ẹ."

Tram dé, àwọn èèyàn sọ̀kalẹ̀, àwọn mìíràn wọlé. Ó lọ.

"Awakọ̀ yẹn dára," ni Olúfúnmi wí. Ó na ọwọ́. "Mú kẹ́tùlù mi wá."

Dùnsìn gbé e fún un.

"Lọ wa bọ́ọ̀sì rẹ fún wọn. Tìẹ nìyẹn. Eléyìí ń bá mi lọ. Láti àárọ̀ mi ò tíì mu tíì."

Ó wé wáyà mọ́ ọn, ó fi há abíyá léèsì rẹ̀, ó wọ tram tó tẹ̀lé e. Kò bá wa padà nínú coach. Nínú coach, kò sẹ́ni tó kọrin. Sister Mosúnmọ́lá bi mí pé, "Daddy, ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé wọn ò nílé?" Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ẹ ò wá sọ." Mo ní mi ò sọ.

Ethan ló sọ fún mi bí eré kejì ṣe lọ. Dùnsìn wa bọ́ọ̀sì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Níparí, Juliana ti wá kẹ́tùlù mìíràn fún un, tuntun, funfun. Dùnsìn gbé e jáde, ó gbé e sílẹ̀ láàárín ìtàgé, ó ní, "Eléyìí kì í ṣe tiwa," ó sì wọlé. Ethan ní ìpàtẹ́wọ́ kò pọ̀ bíi ti ọ̀sán. Ìwé pélébé wọn kò sọ ìyẹn.

Olúfúnmi kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè ọjọ́ kejì. Nígbà tó wá, ìlà tó kẹ́yìn ló jókòó sí. Àwọn ará ti gbìmọ̀ láti ṣoore. Èèyàn mẹ́ta ló gbé kẹ́tùlù tuntun wá. Mẹ́ta. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù hall títí di òní, kò mú ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé wá. Kí n má purọ́, Pásítọ̀ kọ lẹ́tà sí káńsù. Wọ́n fèsì pé orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró de ilé. Sister Mosúnmọ́lá ń gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn ní Wẹ́sìdeè. Olúfúnmi máa ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, á gba abọ́, á dúpẹ́. Ní Sọ́ńdè, á dá abọ́ padà ní fífọ̀.

Oṣù mẹ́rìndínlógún ti pé báyìí. Yàrá igba ó lé mẹ́rìnlá náà ni. Juliana ní àwọn máa pe Dùnsìn nígbà tí wọ́n bá tún ń wá èèyàn. Wọn ò tíì pè é. Ó ń lọ sí college, ó sì tún máa ń wá sí hall ní Túsìdeè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò háyà á mọ́. Mo ń tan heater fún un.

Olúfúnmi ṣì ń kí mi. "Ẹ káàárọ̀, sà." Tẹ́lẹ̀, Daddy ló máa ń pè mí.

Ní Túsìdeè tó kọjá, Dùnsìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Grandpa, Mummy ní kí n béèrè téèpù dúdú lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ kẹ́tùlù ti ń tú."

Mo wá a nínú mọ́tò, mo kó gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ó ní kí o kí mi?"

Ó ronú sí i, kò fẹ́ purọ́ fún mi.

"Rárá, Grandpa. Téèpù nìkan ló ní kí n béèrè."